Àárọ̀ Tí Mo Pa Oyin Bàbá Àgbà

Mo ti gbé táǹkì oògùn kọ́ ẹ̀yìn kí n tó rántí pé àárọ̀ ni. Irọ́ ni o, mo rántí. Mo kàn ṣe bí ẹni tí kò rántí ni.

Òfin kan ṣoṣo ni bàbá àgbà tó tọ́ mi dàgbà mú le lóko: a kì í fín oògùn kòkòrò sí elégédé láàárọ̀. Àárọ̀ ni òdòdó rẹ̀ máa ń ṣí, tí oyin á gbé lẹ́búlẹ́bú ara akọ òdòdó lọ sínú abo. Bí oyin ò bá wá, elégédé ò ní í so. Ìrọ̀lẹ́ là ń fín oògùn, nígbà tí òdòdó bá ti padé.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ lọ wo bọ́ọ̀lù nílùú kejì, wọ́n sì ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé oko ni màá gbó sí. Bàbá ti lọ sípàdé ìjọ. Mo yáa fín oògùn náà láàárọ̀, mo sì lọ wo bọ́ọ̀lù mi nírọ̀lẹ́. Mo gbádùn ẹ̀, kí n má parọ́.

Lọ́jọ́ kejì, òkú oyin kún iwájú àpótí méjèèjì tí Bàbá fi ń sìn wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá wọn jọ. Ó wá ní kò sí ẹlòmíì tó lè ṣe é ju aládùúgbò oko wa lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ díákónì, tó máa ń fín oògùn sí àgbàdo nígbà tó bá wù ú. Ó ní bí àwọn bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, òun ò ní bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ mọ́ láyé.

Bí mo bá dákẹ́, mo bọ́ nìyẹn. Àmọ́ ìbádọ́rẹ̀ẹ́ tó ju ọjọ́ orí mi lọ ló fẹ́ tú ká nítorí bọ́ọ̀lù.

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ọ̀rẹ́ yín ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Èmi ni mo fín oògùn láàárọ̀ àná."

Kò nà mí. Ó ní, "Iṣẹ́ méjì ni Ọlọ́run gbé fún ẹni tó kọ́kọ́ fi sínú ọgbà: kó máa ro ó, kó sì máa ṣọ́ ọ. Ríro nìkan lo gbọ́."

Ó ní nígbà tí mo ti pa àwọn òṣìṣẹ́, kí n wá ṣe iṣẹ́ wọn. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n tó lọ síléèwé, mò ń já akọ òdòdó, mò ń fi í ra inú abo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrì ń rin mí gbingbin, ẹ̀yìn ń ro mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo ti di ìyàwó elégédé, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Bàbá fúnra rẹ̀ lọ bẹ aládùúgbò wa pé òun ti dá a lẹ́bi lọ́kàn láìṣẹ̀. Ìyẹn ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé àárọ̀ yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ fún oyin. Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ni òun náà ń fín oògùn tirẹ̀.

Elégédé so, bí ò tiẹ̀ tó ti èṣí. Nígbà tó yá, agbo oyin mìíràn wá wọ ọ̀kan nínú àpótí náà. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kùn, omijé ayọ̀ bọ́ lójú mi.

Olúwa ló ni ilẹ̀. A kàn ń bá a tọ́jú ẹ̀ ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi ìgbádùn ìrọ̀lẹ́ kan ba iṣẹ́ ọdún púpọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá sì ti bà á jẹ́, ẹ tètè jẹ́wọ́, torí ohun tá a bá jẹ́wọ́ ṣì ṣeé tún ṣe.