Ibo Ni Iná Yìí Ń Gbà Lọ?

Omi inú àgbá ló kọ́kọ́ ya Bàdárù lẹ́nu. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó gbé sínú àgbá náà láti dán an wò ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ó yẹ kí omi ọ̀hún ti gbóná débi pé èèyàn ò ní lè tọwọ́ bọ̀ ọ́. Tútù ló ń tutù sí i.

Ẹ má rò pé Bàdárù ò mọṣẹ́ o. Ní gbogbo Abossey Okai, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì ní Accra, bí iná ẹ́ńjìnnì bá dàrú, Anago yẹn, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Ghana, ni wọ́n ń júwe fún èèyàn. Ó ti tú ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì yìí palẹ̀. Kọ́ìlì rẹ̀ dára. Ó fi mítà wọn wáyà kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó já. Ó ha ìdọ̀tí funfun tó dì sórí bátìrì dànù. Mítà ní iná ń jáde dáadáa, bátìrì ní òun ò rí nǹkan kan gbà. Ó gbé bátìrì mìíràn sí i, pàbó ló já sí. Ta ló wá ń jẹ iná ọ̀hún? Inú bí i, ó bú ẹ́ńjìnnì náà bí ẹni ń bú ọmọ aláìgbọràn.

Wòsílátù ọlọ́ṣẹ jókòó sórí táyà, ó ń wò ó. Àfísù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kó àwọn apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ́kọ̀, ó wọ òkun láti Chorkor, etíkun kan ní Accra, lọ́jọ́ Àìkú, ó yẹ kó ti dé lọ́jọ́ Ajé. Ìṣẹ́gun sì nìyí, ọjọ́ tí àwọn Gã, ọmọ onílẹ̀ Accra, kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kankan wọ òkun, kí òkun lè sinmi. Àwọn àgbà etíkun ti ṣèlérí pé bí ilẹ̀ Ọjọ́rú bá ti mọ́, àwọn á wá ọmọ náà lọ, bí ìyá rẹ̀ bá ti rí ẹ́ńjìnnì tí kò ní kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Èyí tó wà nílé ló gbé wá, ògbólógbòó tí Àfísù tú kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tó ra tuntun.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Bàdárù tọwọ́ bọ omi àgbá, ó fi ìka kan ahọ́n. Iyọ̀ ni. Omi páìpù ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ bù síbẹ̀. Orí rẹ̀ wú. Òórùn òkun ti gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ó bo òórùn epo àti ọ̀dà mọ́lẹ̀. Wáyà bátìrì ń gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń gbọ̀n, bí ọ̀fun ẹni tó ń mumi.

Ó nawọ́ láti pa ẹ́ńjìnnì náà. Ká sòótọ́, ó yẹ kó pa á. Bó bá pẹ́ jù nínú àgbá, ó lè jóná, bó bá sì jóná, kí ni wọ́n máa fi wá Àfísù?

Ìyá Àfísù di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

"Bàdárù ọmọ mi, má pa á. Ẹni tó ń mu ún, jẹ́ kó máa mu."

"Ìyá, bó bá jóná ńkọ́?"

Ìyá kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Bàdárù wo ojú rẹ̀ títí, ló bá rọ epo sí i. Wọ́n ń rọ epo títí wọ́n fi pe ìrun àsárì. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó kù ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé Anago ti ya wèrè, ó ń fi epo se omi.

Nígbà tó yá, fóònù ìyá dún. Àfísù ni. Òkun ti gbé wọn gúnlẹ̀ sí etíkun Prampram, gbogbo wọn ló wà láàyè. Ẹkún ayọ̀ ò jẹ́ kí ìyá lè sọ̀rọ̀, ó na fóònù sí Bàdárù.

Àfísù ní ẹ́ńjìnnì tuntun ló kú, ọkọ̀ sì ń jo. Ní ìdájí, wọ́n kó àwọ̀n àti ẹja dà sómi kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, wọ́n ju bátìrì pàápàá sómi. Ṣùgbọ́n páǹpù tó ń fa omi kúrò nínú ọkọ̀ kò dáwọ́ dúró látàárọ̀. Wáyà rẹ̀ ń fì dirodiro, kò so mọ́ nǹkan kan.

"Bọ̀dá, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí iyanrìn níbí. Ẹ̀rù ń bà wá, a ò lè sún mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ ọ."

Bàdárù gbọ́ ọ, ó ń kùn yùn-ùn. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà á. Ó nawọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì inú àgbá.

Lórí fóònù, páǹpù náà dákẹ́.