Amí Kásúmù Kì í Sáré

Ẹ̀rín ló fa gbogbo rẹ̀. Ká ní Fathiyyah pa ẹnu mọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn nínú ibùdó metro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ní Brescia ní Ítálì, bóyá ẹlòmíì ni ì bá fẹ́, ọkàn rẹ̀ ì bá sì balẹ̀ títí dòní.

Ó ń dúró de ọkọ̀ ni tirẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú gígùn, kóòtù tó fẹ̀ jù ú lọ, ń sáré bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, òyìnbó kan sì ń yà á ní fíìmù. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kọ́ etí kóòtù. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Fathiyyah bú sẹ́rìn-ín.

"Stop!" ni Matteo, òyìnbó tó mú kámẹ́rà, pariwo.

"Sister, ẹ ti bà á jẹ́ fún wa," ni ọkùnrin náà wí, ó ń gbọn eruku kóòtù.

"Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n Kásúmù kì í sáré. Rírìn ló máa ń rìn. Àwọn tó ń lé e ló ń sáré."

Ọkùnrin náà dúró. "Ta ló sọ fún yín pé Kásúmù ni mò ń ṣe?"

"Ta ni ò mọ kóòtù yẹn? Bàbá mi ló ni Kásúmù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Yunus lorúkọ mi. Bàbá tèmi náà ló ni ín."

Àwàdà ni wọ́n pè é lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá ní apá òkè Ítálì, láti Torino dé Padova, tí kò bá mọ Amí Kásúmù, àfi kó jẹ́ àná ló dé. Fíìmù mọ́kànlá ni. Alhaji Mùtíù, bàbá Fathiyyah, ló ń kọ ìtàn rẹ̀ nígbà ìsinmi ọ̀sán, ní fabbrica tí wọ́n ti ń ṣe tòmátì alágolo ní Modena. Alhaji Hàmídù, bàbá Yunus, ló ń wọ kóòtù, òun náà ló ń ra kámẹ́rà, tó ń gbé fíìmù kiri tà. Sọ́ńdè, nígbà tí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró, ni wọ́n ń yà á. Ilé iṣẹ́ irin ní Brescia a di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Stazione, ibùdó ọkọ̀ ojú irin, Reggio Emilia a di Berlin, àwọn ará àdúgbò a sì máa gba àárín Berlin kọjá pẹ̀lú àpò àlùbọ́sà.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí ò kọ ìwé kankan láàárín ara wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n ka Fátíhà, wọ́n ṣe àmín, ó parí. Ta ló ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ̀rẹ́? Nígbà tí Alhaji Hàmídù kú, kóòtù bọ́ sọ́rùn ọmọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó rò pé ohun míì tún wà láti bi ara ẹni léèrè.

Ìfẹ́ àwọn ọmọ méjèèjì ò gba àkókò. Padova ni Fathiyyah ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, Torino ni Yunus ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Brescia wà láàárín wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń pàdé. Yunus a máa pè é ní "adúmáradán mi" lójú títì, òun a ní kó dákẹ́, àwọn èèyàn ń gbọ́. Inú rẹ̀ a sì máa dùn pé wọ́n ń gbọ́.

Fathiyyah ló kọ́ Yunus bí Kásúmù ṣe ń rìn: ẹ̀yìn nínà, ọwọ́ lápò, bí ẹni tí aago ò lè ṣe ní nǹkan kan. Yunus kọ́ ọ títí ó fi mọ́ ọn lára. Ìgbà míì treno, ọkọ̀ ojú irin, á máa múra àtilọ, òun á ṣì máa rìn bọ̀. Ọkọ̀ já a sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì fi í rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí ọdún tó yípo, Fathiyyah ti mọ̀ pé bí kì í bá ṣe Yunus, òun ò fẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ilé iṣẹ́ fíìmù kan ní Milano ló da omi àlàáfíà wọn rú. Wọ́n fẹ́ ra Kásúmù, kí wọ́n sọ ọ́ di eré tẹlifíṣọ̀n. Martina, obìnrin tí wọ́n rán wá, béèrè ohun kan ṣoṣo: ta ló ni ín?

"Èmi ni," ni Alhaji Mùtíù wí. "Inú orí mi ló ti jáde."

"Ọkọ mi ni," ni Alhaja Ràhímátù, ìyá Yunus, wí láti Torino. "Ojú ta ni ẹ ń wò nínú fíìmù? Ṣé ojú Mùtíù ni?"

Ẹnu ò kò. Alhaji gba avvocato, ìyẹn lọ́yà, Alhaja náà gba tirẹ̀. Lẹ́tà ń fò láti Modena sí Torino, láti Torino sí Modena. Fíìmù kejìlá tí Yunus ń yà lọ́wọ́ dúró sójú kan, torí avvocato Alhaji ní kò gbọdọ̀ jáde.

"Fíìmù ni wọ́n ń jà sí," ni Fathiyyah sọ. "Kí ló kan àwa?"

"Ìfẹ́ mi, ilé méjèèjì ló ń jà. Inú ilé wo la fẹ́ gbé ìyàwó wọ̀?"

Síbẹ̀ àwọn ará ilé Yunus lọ tọrọ Fathiyyah ní Modena. Alfa mọ́sálásí wọn ló ní ìgbéyàwó ni yóò parí ìjà, torí àna kì í pe àna lẹ́jọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Pálọ̀ Alhaji kún fún àgbà lọ́jọ́ náà, orí ọmọ sì wọ́ lójú gbogbo wọn.

"Kí lẹ máa gbà ní sàdáàkì?" ni Alfa béèrè.

"Al-Kùránì kan tó mi," ni Fathiyyah yára dáhùn.

Bàbá rẹ̀ ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Kásúmù ni. Kí wọ́n fi Kásúmù ṣe sàdáàkì ọmọ mi, mo fa ọmọ náà lé wọn lọ́wọ́ lónìí."

"Papà, no!"

"Mo gbà," ni Yunus wí.

Ẹyin lohùn, Yunus ò rántí. Ìyá rẹ̀ ti dìde kí ẹnikẹ́ni tó ṣe àmín.

"Kí lo gbà? Ogún ni, Yunus! A ò tíì pín in. Èmi ní ìpín níbẹ̀, àwọn àbúrò rẹ obìnrin ní ìpín níbẹ̀. Ta ló fún ọ láṣẹ kó o fi ohun àwọn ọmọ aláìníbàbá fẹ́yàwó?"

Òótọ́ ló sọ. Alfa fúnra rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Kò sí mùsùlùmí kan nínú pálọ̀ yẹn tí kò mọ̀ pé ẹnì kan kì í dá ogún tí a ò tíì pín fi tọrẹ. Yunus náà mọ̀ ọ́n. Ìfẹ́ ni kò jẹ́ kó rántí.

"Ó dáa," ni Alhaji wí. "Kò sí Kásúmù, kò sí ìyàwó."

Oúnjẹ tí Fathiyyah fi gbogbo àárọ̀ sè, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ó pẹ́ kó tó tún gbọ́ ohùn Yunus tó dùn. "Adúmáradán mi, mo ti rí ọ̀nà. Má bi mí ní nǹkan kan. Ṣáà fọkàn tán mi."

Ó fọkàn tán an. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Modena nígbà tí fíìmù kejìlá jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́, fún gbogbo ayé. Wọ́n jọ wò ó lórí fóònù Fathiyyah. Ní ìparí, Kásúmù ń rìn lọ létí odò Po ní Torino, nínú kóòtù tó fẹ̀ jù ú lọ. Kò sáré. Inú Fathiyyah dùn pé ó rántí.

Ìbọn dún. Kásúmù kúnlẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Ẹnì kan fi kóòtù náà bò ó lójú. Matteo jẹ́ kí kámẹ́rà pẹ́ lára bàtà rẹ̀, títí ẹni tó ń wò ó fi mọ̀ pé kò ní dìde mọ́.

Bàtà yẹn ni wọ́n ṣì ń wò tí ọ̀rọ̀ Yunus fi yọ sójú fóònù: "Ó ti kú, ìfẹ́ mi. Kò sí ohun tí wọ́n máa jà lé lórí mọ́. A ti bọ́."

Bàbá rẹ̀ kà á. "Ìnnà lílláhì," ó wí, ohùn rẹ̀ kéré. Omi ń dà lójú rẹ̀. Fathiyyah ò rí omi lójú bàbá rẹ̀ rí.

"Papà, è solo un film."

"Fíìmù lásán? Kí ìwọ tó dáyé ni mo ti bí i. Nígbà tí mi ò ní permesso, ìwé ìgbélùú, tí mi ò lè yọjú síta, òun ló ń mú mi rìn kiri ayé." Ó fi etí ẹ̀wù nu ojú. "Ẹni tó pa ọmọ mi, Fathiyyah, mi ò lè fi ọmọ mi kejì fún un."

Ní Torino, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Martina kọ̀wé pé àwọn ò ra amí tó ti kú. Alhaja Ràhímátù pe ọmọ rẹ̀ jókòó. "O pa bàbá rẹ lẹ́ẹ̀kejì," ó wí. "Má tún dárúkọ ọmọ yẹn nínú ilé mi." Ìjà parí lóòótọ́. Kò ṣẹ́ ku nǹkan kan láàárín ilé méjèèjì tí wọ́n lè jà sí, ìkíni pàápàá ò sí níbẹ̀.

Brescia ni wọ́n tún ti pàdé, ní stazione. Yunus ti rù. Ó wọ kóòtù náà.

"Mo rò pé mò ń gbà wá sílẹ̀ ni," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Jẹ́ ká lọ ṣègbéyàwó ní comune, ní ilé ìjọba ìbílẹ̀, Fathiyyah. Àwọn òyìnbó ò ní bi ọ́ léèrè bàbá."

"Ọlọ́run ńkọ́? Ta ló máa fà mí lé ọ lọ́wọ́? Ṣé bí olè ni kí n ṣe wọlé ìyá rẹ?"

Yunus sún mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo fẹ́ràn rẹ, adúmáradán mi. Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Ó ti bàjẹ́ kí a tó pàdé," ni Fathiyyah wí. "Àwa la ò mọ̀."

Ó gba ọwọ́ rẹ̀ padà, ó wọ treno Padova, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Yunus ti kọjú sí àtẹ̀gùn, ó ń lọ. Ìgbà náà ni ọkàn Fathiyyah yí padà lójijì. Bó bá sáré padà wá báyìí, ó wí nínú ara rẹ̀, bó bá wọ ọkọ̀ yìí bá mi, n ó bá a lọ síbi tó bá fẹ́, kí bàbá bínú, kí ayé máa wí.

Yunus yíjú padà. Ó rí i. Ó ń bọ̀.

Fèrè ọkọ̀ dún. Ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀.

"Sáré," ni Fathiyyah wí lẹ́yìn gíláàsì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a. "Yunus, sáré!"

Gíláàsì ò jẹ́ kó gbọ́. Ó ń bọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ọwọ́ rẹ̀ wà lápò kóòtù, gẹ́lẹ́ bí Fathiyyah ṣe kọ́ ọ. Ilẹ̀kùn pa dé. Ó ṣì ń rìn bọ̀ nígbà tí ọkọ̀ gbéra.