Àjàyí Tí Bàbá Kéde

Bàtà méjì ni Dinah kọ́kọ́ rí lókè, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kọjú sí oòrùn, orí ọkùnrin kan sì wà nísàlẹ̀ wọn, ó ń kọ orin ìsìn jẹ́jẹ́. Ọkùnrin náà fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ó dorí kodò bí àdán, sípánà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òjò àárọ̀ Sátidé ọjọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Ìlá-Ọ̀ràngún ni. Òdòdó tí Dinah ń gbé lọ sórí pẹpẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó bẹ ọkùnrin náà pé kó dákun kó sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ má tíì sunkún mi," ni ọkùnrin náà dáhùn látòkè. "Ẹ kàn kúrò lábẹ́ mi, kí sípánà má baà bọ́ lù yín."

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá a ṣa òdòdó. Ó ní Ọláníyì ni orúkọ òun, ọmọ Òkè-Ìlá ni òun, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá òun, Ìyá Pamílẹ́rìn tó lọ́kọ sí Ìlá, ni òun wá. Ìyá Pamílẹ́rìn ló sọ fún un pé agogo ìjọ àwọn ti há láti ìgbà tí ìjì ti jà.

Dinah bi í léèrè bóyá àwọn ọkùnrin Ìlá ti tán tó fi jẹ́ pé ará Òkè-Ìlá ni yóò wá tún agogo wọn ṣe.

"Ọmọ ìyá kan ni ìlú méjèèjì," ni Ọláníyì sọ. "Bí nǹkan bá ga ju àbúrò lọ, ẹ̀gbọ́n ní í bá a na ọwọ́ mú un."

"Ẹ̀yin wá ni ẹ̀gbọ́n?"

"Mi ò sọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ ni mo ṣáà nà."

Dinah rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé pé òdòdó òun ti rin. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn.

Ní Ìbàdàn ni Ọláníyì ti ń ṣiṣẹ́, nínú ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan. Òun ló ń tọ́jú ọkọ̀ kan tó gùn gbọọrọ, tí kò ní òrùlé, tó ń rìn lórí irin. Ó júwe rẹ̀ fún Dinah: ọkọ̀ náà á máa pọ́n òkè díẹ̀díẹ̀ títí ẹni tó wọ̀ ọ́ á fi rò pé sánmà ló ń lọ, á wá dojú bolẹ̀ lójijì, á sáré, á yí po, á tún gòkè. Rola kósítà ni wọ́n ń pè é.

Ọkàn Dinah fò. Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ. Ẹgbẹ́ náà ti ń béèrè ibi tí wọn yóò lọ ṣe fàájì lọ́dún yìí.

"Ẹ máa bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn," ni Ọláníyì gbà á nímọ̀ràn. "Ní gbogbo ìgbà òjò, a kì í jẹ́ kó rìn. Sátidé tí a bá kọ́kọ́ ṣí i ló dùn jù, gbogbo irin ni a ti yẹ̀ wò látòkè délẹ̀, èrò Kérésì ò sì tíì dé."

Bẹ́ẹ̀ ni ètò bẹ̀rẹ̀, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ ni. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ọláníyì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀bà yó kó tó wọ ọkọ̀ náà, kí wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín dání, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀. Ó tún ní kí àwọn obìnrin wọ ṣòkòtò, kí ẹnikẹ́ni má sì wé gèlè, nítorí gèlè kan ti fò lọ há sórí igi rí, ibẹ̀ ló sì wà di báyìí. Kò pẹ́ tí ètò fi tán, àmọ́ ìpè ò tán. Wọ́n wá ń bi ara wọn bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe rí lónìí, bóyá irin gbóná, bóyá èèyàn ti jẹun. "Ẹ" tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ti di "o" láìjẹ́ pé ẹnì kan kéde rẹ̀.

Ìkéde gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá Dinah, Bàbá Oyèbísí, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ló ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, kì í sì í da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ní ọyẹ́ tó kọjá, ibi ìkéde yìí nìkan ni èèyàn ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete. Tẹ́lẹ̀, láti ọ̀ọ̀dẹ̀ ni yóò ti ké pe "Ìyá Dinah," ohùn obìnrin náà á sì dáhùn láti ilé ìdáná. Ní báyìí, kì í pe ẹnikẹ́ni. Bó bá fẹ́ omi, yóò dìde lọ bù ú.

Ó ní òun ò ní ka rola kósítà níwájú pẹpẹ. Kí Dinah lọ wá orúkọ fún un. Dinah mú "ọkọ̀ agòkè-sọ̀kalẹ̀" wá. Bàbá ní gbogbo ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà Òkè-Ìlá ló ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Dinah ro ẹjọ́ fún Ọláníyì lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Nígbà tí wọ́n bí mi, ńṣe ni mo dojú bolẹ̀ wá sáyé," ni Ọláníyì sọ. "Àjàyí ni wọ́n ń pè mí nílé wa. Ọkọ̀ tèmi náà, ojú ló fi ń wálẹ̀."

"Àjàyí," ni Dinah pè é jẹ́jẹ́.

"Tún un pè."

"Ọkọ̀ ni mò ń pè."

"Mo mọ̀. Tún un pè."

Orúkọ náà dùn mọ́ Bàbá nínú. Dinah ṣàlàyé fún un pé ọkọ̀ náà ń dojú bolẹ̀ bí ọmọ tó ń jẹ́ Àjàyí, Bàbá sì ní Yorùbá gidi nìyẹn. Ohun tí Dinah kò sọ ni pé ẹnì kan ń jẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ ìsinmi, agogo dún bí ó ṣe ń dún láyé àtijọ́, Ọláníyì sì wà ní ìjókòó ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Pamílẹ́rìn, ó wá gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bàbá gun orí àga ìwàásù, ó wọ awò ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí orúkọ tuntun náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

"Àwọn ọ̀dọ́ wa ń lọ wo Àjàyí ní Ìbàdàn," ni Bàbá kéde. "Dinah ọmọ mi ti sọ fún mi pé Àjàyí ga, ó sì lágbára. Ó ní bí Àjàyí bá gbé èèyàn, ọkàn onítọ̀hún á fò, àmọ́ kì í já èèyàn sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá a lọ, kó lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Àjàyí tèmi?" ni Ìyá Pamílẹ́rìn wí, láìmọ̀ pé ohùn òun jáde.

Orí gbogbo yí sẹ́yìn. Àwọn tó mọ orúkọ ilé Ọláníyì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún àwọn tí kò mọ̀. Ẹ̀rín náà rìn láti ìjókòó dé ìjókòó. Bàbá wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó dorí kodò lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó wo Dinah tó fi ìwé orin bojú. Kò sí ẹni tó nílò láti túmọ̀ rẹ̀ fún un mọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá kò tíì bọ́ agbádá tó fi jókòó.

"Dinah, Àjàyí mélòó ló wà?"

"Méjì ni, sà."

"Èwo ni mo kéde?"

"Ẹ kéde méjèèjì, sà."

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Ó ní òun ò ní nǹkan kan lòdì sí Òkè-Ìlá, pé ìjà ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti di ohun ẹ̀rín. Ìbàdàn ló ń ba òun lẹ́rù. Ó wo ọ̀nà ilé ìdáná.

"Bí o bá lọ́kọ síbẹ̀, ta ni n ó máa pè nínú ilé yìí?"

Dinah pe Ọláníyì nírọ̀lẹ́, ó ní ètò ìrìn àjò náà ṣì wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí èyí tó kù. Òun ò lè fi bàbá òun sílẹ̀ sínú ilé tí kò sí ohùn. Ọláníyì kò bá a jiyàn. Ó ní àsọjù ò dáa, ó kí i pé ó dàárọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó padà síbi iṣẹ́, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Oyèbísí.

"Sà, mi ò wá tọrọ Dinah lónìí. Mo wá bẹ̀ yín kí ẹ bá wọn lọ. Ẹ ti kéde mi fún gbogbo ìjọ, ẹ ò sì tíì mọ̀ mí. Kò yẹ kí ẹni bíi tiyín kéde ohun tí kò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá lára, nítorí kò kéde ohun tí kò dá a lójú rí láyé rẹ̀. Ó ní òun yóò lọ.

Ìdájí ni wọ́n kúrò ní Ìlá ní Sátidé àkọ́kọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí Ọláníyì ti wí ló rí: kò sí èrò, ìrì ṣì wà lórí koríko ọgbà náà. Irin pupa gùn kọjá orí igi, Ọláníyì sì wà lókè rẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó ń fi sípánà lu bóòtù kọ̀ọ̀kan tó so irin náà pọ̀, ó ń tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ agogo. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sí iwájú ọkọ̀, òun nìkan. Ọkọ̀ gbé e lọ, ó gbé e padà.

Bàbá bi í ìdí tó fi dá wọ̀ ọ́.

"Sà, ibi tí mi ò bá kọ́kọ́ jókòó sí, mi ò ní gbé ọmọ ẹlòmíràn sí i."

Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní òun yóò wọ̀ ọ́. Ẹnu ya àwọn ọ̀dọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ bi í léèrè bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn. Ó ní ọkàn ń dun òun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí dókítà ń wò.

Ọláníyì fúnra rẹ̀ ló de bẹ́líìtì mọ́ ọn, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Dinah jókòó tì í. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n òkè, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, títí òrùlé Ìbàdàn fi tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ wọn. Ó dúró díẹ̀. Ó dojú bolẹ̀.

"Ìyá Dinah o!"

Gbogbo àwọn tó wà nílẹ̀ gbọ́ ọ. Ohùn náà nìyẹn, ohùn ọ̀ọ̀dẹ̀, tí ẹnì kankan ò gbọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Dinah di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, afẹ́fẹ́ ń gbá omijé àwọn méjèèjì lọ sẹ́yìn.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró, Bàbá kò dìde kíá. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ pè é," ni Bàbá sọ. "Mo rò pé bí mo bá pè é tí kò dáhùn, n ó kú. Mo ti pè é. Mi ò kú."

Dinah bi í jẹ́jẹ́ pé ta ni yóò wá máa pè nílé.

"N ó máa pe ìyá rẹ. Bó bá sú mi, n ó pè yín lórí fóònù, ẹ ó sì gbéra wá."

Ó wá yíjú sí Ọláníyì, ó na àyà gẹ́gẹ́ bíi ti ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Àjàyí, o gbé mi, o ò já mi sílẹ̀. Sọ fún àwọn ará ilé rẹ kí wọ́n máa bọ̀ ní Ìlá. Ọmọ gidi ni wọn ó bá níbẹ̀."

Ọláníyì dọ̀bálẹ̀ sórí koríko tútù. Nígbà tó yá, òun àti Dinah jọ wọ ọkọ̀ náà, ó sì bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á.

"Àjàyí kì í já èèyàn sílẹ̀," ni Dinah dáhùn. "Bàbá mi ló kéde rẹ̀."

Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ará Òkè-Ìlá ti wá tọrọ ìyàwó, wọ́n sì ti gbà á. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, agogo dún kárí Ìlá. Bàbá Oyèbísí gun orí àga ìwàásù, ó wọ awò ojú, ó sì kéde ìgbéyàwó láàrin Dinah ọmọ rẹ̀ àti Ọláníyì Àjàyí, ọmọ Òkè-Ìlá. Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, níbi tí Ìyá Pamílẹ́rìn jókòó sí.

Bàbá dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wo àwọn méjèèjì, orí rẹ̀ sì wú.

"Lọ́tẹ̀ yìí," ló wí, "mo mọ Àjàyí tí mò ń pè."