Iye Ilé Kọ́ Ni Iye Kọ́kọ́rọ́

"Yàrá tó kọjú sí ìlà oòrùn, tèmi nìyẹn o!" Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń pè ní Oníṣirò ń fò sókè bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni òun àti òbí rẹ̀ ti fi há mọ́ yàrá kan.

"Kò tíì di tìẹ," ni bàbá rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì dáhùn. "Owó tí a ó fi ra ilé náà ti pé, ṣùgbọ́n ìnáwó mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ wádìí rẹ̀, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, a ó fi ra bẹ́ẹ̀dì tí o fi ń dí wa létí."

Oníṣirò bi lọ́yà, ó bi alágbàtà, ó bi ẹni tí yóò yẹ òrùlé àti ògiri wò. Kálukú sọ iye tirẹ̀. Ó ku owó ìforúkọsílẹ̀ ilé.

"Ìjọba ò tíì sọ iye rẹ̀," ni lọ́yà wí. "Ó lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì, ó lè tó ọgọ́rin. Èyí tó pọ̀ jù ni kí o kọ, ọmọ mi. Owó tó ṣẹ́ kù kì í bá ẹnikẹ́ni jà."

Bí ó bá kọ ọgọ́rin, bẹ́ẹ̀dì lọ nìyẹn. Ó kọ ogójì. Bàbá rẹ̀ wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ka owó bẹ́ẹ̀dì fún káfíńtà.

Ọjọ́rú ni lọ́yà pè wọ́n: ọgọ́rin gan-an ni! Bí owó kò bá pé ní ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíràn ń dúró de ilé náà.

"Níbo la ti ṣì í ṣírò?" ni ìyá rẹ̀ kígbe.

Orúnkún Oníṣirò kanlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Lọ́yà sọ fún mi. Èyí tó wù mí ni mo kọ."

Bàbá rẹ̀ kò pariwo. "Ọwọ́ tó kọ ọ́ ni yóò lọ gba owó bẹ́ẹ̀dì padà."

Eré ló sá dé ọ̀dọ̀ káfíńtà. "Mo ti gé pákó!" ni ìyẹn wí. "Ṣé èmi ni n ó máa sùn lórí ẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Màá máa wá fi sánpépà ha pákó yín ní gbogbo Sátidé títí sáà ilé-ìwé yìí á fi parí."

"Ọwọ́ bírò yìí? Á bó o!"

"Kó bó, sà."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó ka owó náà lé e lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, owó pé géérégé. Lọ́yà na kọ́kọ́rọ́ sí wọn. Ìyá rẹ̀ jó wọlé, ó jó jáde, ó tún jó wọlé! Oníṣirò tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Oòrùn àárọ̀ ló jí i.

Ní Sátidé yẹn, pákó àkọ́kọ́ tí káfíńtà gbé ka iwájú rẹ̀, ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ti rà á. Ọwọ́ rẹ̀ bó lóòótọ́, síbẹ̀ orin ló ń kọ, kọ́kọ́rọ́ ń jó lọ́rùn rẹ̀.

Ẹni tó bá ń ra ilé, kó má fi ohun tó wù ú díwọ̀n ohun tó gbọ́dọ̀ san. Iye ilé kọ́ ni iye kọ́kọ́rọ́.