Ìbò Tí Wọn Ò Fún Bàbá Boram

"Gyuri, wò ó! Bàbá mi ti tún já wálẹ̀ sí ipò kejì!"

Boram na fóònù rẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni, àwọn méjèèjì sì jókòó sí igun kan nínú gbọ̀ngàn ìjẹun ilé-ìwé wọn ní ìlú Mokpo. Ọbẹ̀ ewé òkun tó wà níwájú wọn ti ń tutù.

"Ta ló wá wà ní ipò kìíní?" Gyuri béèrè.

"Ti ẹgbẹ́ Ẹfọ̀n Gunsan yẹn náà ni. Ọmọ àná! Torí pé ó lẹ́wà, gbogbo ọmọbìnrin ló ń dìbò fún un."

Gyuri bú sẹ́rìn-ín. "Má bínú o. Èmi náà dìbò fún un láàárọ̀. Ojú ẹ̀ wù mí jù."

"Ọ̀dàlẹ̀!" Boram fi ṣíbí gbá a lọ́wọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn.

Tak Jonggil ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́. Òun ni ó ń hán bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Àwòdì Mokpo. Ẹ̀yìn ẹni tó di igi mú láti gbá bọ́ọ̀lù ni ó máa ń lóṣòó sí, pẹ̀lú ìbòjú irin lójú, tí yóò máa fọwọ́ hán bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ kíkankíkan bí òkò. Kí wọ́n tó bí Boram ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Orúnkún rẹ̀ kò sì fẹ́ ṣe mọ́. Bó bá ti wọlé, yìnyín ni yóò kọ́kọ́ dì mọ́ ọn kó tó lè jókòó jẹun. Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé bí ọdún yìí bá ti parí, òun á fẹ̀yìn tì.

Kò sì tíì dé Eré Ìràwọ̀ rí.

Nígbà ooru lọdọọdún, gbogbo ẹgbẹ́ máa ń dá eré dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á ṣa àwọn tó dára jù nínú wọn, apá Ìlà-Oòrùn kan, apá Ìwọ̀-Oòrùn kan, àwọn wọ̀nyẹn á sì bá ara wọn ṣeré. Àwọn èrò ìwòran ni wọ́n ń dìbò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè dì í lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ẹnì kan fún ipò kọ̀ọ̀kan. Àwọn agbábọ́ọ̀lù pàápàá a máa dìbò fún ara wọn, ṣùgbọ́n ti èrò ìwòran ló wúwo jù nígbà tí wọ́n bá ro méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni kóòṣì apá kọ̀ọ̀kan á wá fi ìwọ̀nba àwọn tó bá wù ú kún un. Mokpo kò tóbi bí àwọn ìlú yòókù. Àwọn olólùfẹ́ Àwòdì kò pọ̀.

"Ṣebí ìwọ lò ń kọ́ àwọn arúgbó ní lílo fóònù ní ilé ìgbafẹ́ wọn?" Gyuri sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà. "Ta ló ń dìbò nínú wọn? Fóònù yẹn kàn wà lọ́wọ́ wọn lásán ni. Tẹ̀ ẹ́ fún wọn."

"Ṣé orí ẹ pé?"

"Mo kàn sọ ọ́ ni o."

Boram kò kọ́kọ́ kà á sí. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ kan láìwo ojú rẹ̀, bí ẹni tí kò bìkítà.

"Boram, ìbò yẹn, ibo ló dé?"

"Ẹ wà ní ipò kejì, Dádì."

"Áà. Kò burú." Ó tún yìnyín orúnkún rẹ̀ gbé. "Kò burú" yẹn ni kò jẹ́ kí Boram gbádùn.

Láti ọjọ́ kejì, bó bá ti kúrò nílé-ìwé, ilé ìgbafẹ́ àwọn arúgbó ló ń gbà lọ. "Ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin bàbá, ẹ kó fóònù yín wá, kí n bá yín tún wọn ṣe." Wọ́n á sì kó wọn fún un tayọ̀tayọ̀, wọ́n á fún un ní àgbàdo sísè, wọ́n á máa sọ pé ọmọ gidi ni. Òun á jókòó sígun, á máa tẹ orúkọ bàbá rẹ̀ lórí fóònù kan tẹ̀lé òmíràn. Àgbàdo náà máa ń tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró.

Kò pẹ́ tí Tak Jonggil fi gòkè sí ipò kìíní. Àwọn òbí Gyuri pè láti kí i. Màmá Boram pe gbogbo ẹbí. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń kọrin nínú balùwẹ̀, ohun tí Boram kò gbọ́ rí.

Ìyá àgbà kan wà lára àwọn tó ń wá sí ilé ìgbafẹ́ yẹn tó ń jẹ́ Bongnye. Ọmọ Gunsan ni. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ló wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Mokpo, fìlà Ẹfọ̀n Gunsan kì í sì kúrò lórí rẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dìbò tipẹ́tipẹ́, Boram kò sì mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá yìí ṣí fóònù rẹ̀ láti dìbò fún ọmọ Gunsan tó rẹwà yẹn. Fóònù dáhùn pé, *Ẹ ti dìbò lónìí. Ẹ padà wá lọ́la.* Nígbà tó dọ̀la, ohun kan náà ló tún sọ. Lọ́tunla ńkọ́? Bákan náà.

Ìyá Bongnye kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó pe ọ́fíìsì àwọn tó ń darí ìdíje, ó bú wọn dáadáa. Àwọn yẹn wo ìwé ìbò, wọ́n rí i pé ojúlé kan náà ní Mokpo ni ọ̀pọ̀ ìbò ti ń wá, lákòókò kan náà lójoojúmọ́, fún ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n fagi lé gbogbo rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti gba orí ayélujára pé wọ́n dìbò èrú fún Tak Jonggil.

Nígbà tí Àwòdì tún ṣeré, bí bàbá Boram ṣe jáde sí pápá ni àwọn èrò kan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé, "Olè ìbò! Olè ìbò!" Ó fi ìbòjú irin rẹ̀ bojú, ó lóṣòó. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà.

"Ta ni mo ṣẹ̀?" ló béèrè nílé. "Ta ló ṣe irú èyí fún mi lọ́dún tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì?"

"Bàbá Boram, ẹ má dá wọn lóhùn," ìyàwó rẹ̀ wí. "Àwọn alátakò ni."

Boram fi ṣíbí sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

"Dádì, èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́. Nígbà tó parí, bàbá rẹ̀ yíjú sí i.

"Àwọn àgbà yẹn, ṣé wọ́n mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Wọn ò mọ̀."

"Lọ́la, èmi àtìwọ jọ ń lọ síbẹ̀."

"Dádì, ẹ lù mí. Ẹ lù mí, ká fi mọ síbẹ̀."

"Èmi kọ́ lo jí nǹkan ẹ̀," bàbá rẹ̀ dáhùn.

Nígbà tí wọ́n dé ilé àwọn arúgbó lọ́jọ́ kejì, Tak Jonggil bọ́ bàtà, ó wọlé, ó sì forí balẹ̀ lórí ẹní. Boram rí bí ó ṣe fún eyín pọ̀ nígbà tí orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Òun náà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́.

Ìyá Bongnye ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìwọ ọmọ yìí! Mo ti bá ọmọ mi jà nílé, mo ní òun ló ba fóònù mi jẹ́! Àṣé ìwọ tí mò ń fún lágbàdo ni!"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà."

"Ṣé o rò pé torí a ti darúgbó, a ò ní ẹni tó wù wá?" Ìyá náà ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé itan, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Ọdọọdún lèmi àti ọkọ mi máa ń dìbò yẹn. A ó jókòó, a ó máa jiyàn. Òun ti lọ. Mo ṣì ń dì í. Bí mo bá ń tẹ̀ ẹ́, ó dà bíi pé a ṣì jọ ń jiyàn. Ìyẹn lo gbà lọ́wọ́ mi."

Boram ti rò pé àwọn nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lò lòun ń lò. Kò rò ó rí pé ènìyàn wà nídìí rẹ̀. Ó bú sẹ́kún.

"Ó tó, nu imú ẹ," ni ìyá náà wí. "Gba fóònù. Ìdìbò ò tíì parí. Bá mi tẹ Gunsan. Má lọ tẹ bàbá ẹ o! Mò ń wò ọ́!"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí èmi tẹ̀ ẹ́ fún yín," ni Tak Jonggil wí. Òun fúnra rẹ̀ gba fóònù náà, ó sì dìbò fún ọmọ Gunsan tí wọ́n jọ ń du ipò. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó kan tó jókòó sídìí fèrèsé ní, "Èmi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ìwọ tó kúnlẹ̀ yìí ni kí wọ́n tẹ̀ fún mi." Díẹ̀ nínú wọn ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù yan ẹni tí ojú rẹ̀ wù wọ́n.

Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, Boram fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òótọ́ fún ọ́fíìsì ìdíje. Wọ́n dí nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n sì kéde pé ọmọ ló ṣe é, bàbá kò mọ̀. Nílé-ìwé, wọ́n sọ ọ́ ní "Alága Ìdìbò". Bó bá ti wọlé ni wọ́n ń kí i bẹ́ẹ̀. Gyuri nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ẹnu mi ló ti jáde," ló sọ, ó sì ń bá a jókòó jẹun lójoojúmọ́ nígbà tí àwọn yòókù sún kúrò.

Èsì jáde. Ọmọ Gunsan ló wọlé. Nínú ìbò àwọn agbábọ́ọ̀lù, Tak Jonggil ló ṣe ipò kìíní, ṣùgbọ́n kò tó láti fi bo ti èrò ìwòran. Kóòṣì apá Ìwọ̀-Oòrùn náà mú ẹlòmíràn.

"Àwọn tí a jọ ń laagùn lórí pápá dìbò fún mi," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn." Boram wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ́kùnrin gíga kan ni, ó gbé bàrà olómi ńlá kan mọ́yà. Do Hyeonseo ni, tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Gangneung, tí ìbò rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo ará Ìlà-Oòrùn lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o," ó wí, ó sì tẹríba. "Ẹ mọ̀ pé kí Eré Ìràwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń díje ta ló lè gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri jù. Olúkúlùkù ló ń yan ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù fún un. Ẹ̀yin ni mo fẹ́."

Tak Jonggil rẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí, ṣé o ò kàwé ìròyìn ni? Wọ́n á hó lé ọ lórí."

"Kí wọ́n máa hó." Hyeonseo gbé bàrà sílẹ̀, ó sì yíjú sí Boram. "Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ Àwòdì ni mí. N ò lè gbá nǹkan kan. Wọ́n ti fẹ́ lé mi. Bàbá ẹ yìí ló ń jí wá lówùúrọ̀, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún mi kí àwọn tó kù tó dé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìbò tí mo ń rí lónìí, apá bàbá ẹ ló wà nídìí ẹ̀."

Boram wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wo bàrà olómi náà bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Boram, màmá rẹ̀, Gyuri àti Ìyá Bongnye jọ jókòó sórí àga pápá ìṣeré ní Chuncheon. "N ò tìtorí bàbá ẹ wá o," ìyá náà ti kìlọ̀ nínú ọkọ̀. "Ọmọ Gunsan mi ni mo wá wò."

Tak Jonggil rìn jáde sí àárín pápá láìsí ìbòjú lójú. Àwọn kan hó lóòótọ́. Ó nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ibi tí Hyeonseo fẹ́ gan-an ló bọ́ sí. *Kọ̀ọ́!* Bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri. Ó ju òmíràn, ìyẹn náà fò. Nígbà tó yá, ariwo ìhó ti di àtẹ́wọ́. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló fi Hyeonseo sí ipò kejì, ẹlòmíràn ló gba ife. Ṣùgbọ́n ó ju igi rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ bá Tak Jonggil, ó ṣí fìlà, ó sì tẹríba fún un títí orí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Gbogbo pápá dìde. Ìyá Bongnye pàápàá dìde, ó ń pàtẹ́wọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń bú oòrùn pé ó ń ta òun lójú.

Boram tẹ̀ sí i létí. "Màmá, ẹ ṣé."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ṣé tí ẹ fi ẹjọ́ mi sùn. Ká ní ẹ dákẹ́, Dádì mi ì bá wọlé lọ́nà èrú. Dádì ì bá má mọ̀ pé ẹnì kan wà tó máa yan òun láìsí pé mo tẹ nǹkan kan."

Ìyá àgbà náà wò ó, ó fọwọ́ gbá a ní ìbàdí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìwọ náà ni kó o máa dì í fúnra ẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́!"

Boram kò fọwọ́ kan fóònù ẹlòmíràn mọ́ láìgba àṣẹ. Ó ti mọ̀ nísinsìnyí pé iyì tí a bá jí fún ẹni tí a fẹ́ràn, ìtìjú ni yóò dà sí i lára, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣe rere kò nílò kí a bá a ṣẹ̀dá ẹ̀rí. Àwọn tó rí i kò ní gbàgbé.