Òwú Pupa Tí Wọ́n Fi Wọn Àwọn Arúgbó

Ọ̀sán Sátidé ni jíìpù dúdú náà dé iwájú ilé alájà mẹ́jọ tí Yavor ń gbé. Ó ń dán yinrin, àwọn aládùúgbò sì yọ orí lójú fèrèsé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Yavor. Ní oṣù méjì ṣáájú, bàtà kan ṣoṣo ló ní, ìdí bàtà ọ̀hún sì ń mu omi òjò. Zlatka ìyá rẹ̀ jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.

"Ta ló kú?" ni ó bi í.

"Màmá, ẹ ò tiẹ̀ lè kí mi kú oríire?"

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́."

Yavor rẹ́rìn-ín. Ó mọ ẹni tó kú. Mẹ́rin ni wọ́n.

Lom ni ìlú wa, etí odò Danube ni. Àwọn ọ̀dọ́ ti sá kúrò níbẹ̀ tán, arúgbó ló kù. Nígbà tí iṣẹ́ ò sí, ìyá Yavor ní kó lọ bá ṣọ́ọ̀ṣì se oúnjẹ fáwọn tálákà. Yavor pòṣé. Ó ní òun ò bá àlùfáà ṣe, ẹgbẹ́ tí kò ní àdúrà lòun ń wá, níbi tí ènìyàn ti ń ṣe rere nítorí rere. Ọ̀rọ̀ dídùn. Ṣùgbọ́n bí eku ṣe ń wá àká ni Yavor ṣe ń wá ẹgbẹ́. Ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣa ìdọ̀tí létí odò. Ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n, ìbọ̀wọ́ wọn ti ya, wọ́n fún un ní tíì gbígbóná. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn fáwọn afọ́jú. Kò sí ayafọ́tò níbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ló rí Ẹgbẹ́ Ọwọ́ Gbígbóná.

Àwọn yẹn, báàjì wúrà ló wà láyà wọn. Bí wọ́n bá fún arúgbó kan ní ìbọ̀sẹ̀, fọ́tò mẹ́rìnlá ni wọ́n máa yà, wọn yóò sì pàtẹ́wọ́ fún ara wọn títí àtẹ́lẹwọ́ á fi pọ́n. Evdokia ni alága wọn, obìnrin tó ń kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, tí lọ́fínńdà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó wo Yavor láti òkè délẹ̀, ó rí ebi tó wà lójú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

"Iṣẹ́ tìrẹ rọrùn, ọmọ mi," ló wí. "A fẹ́ rán kóòtù òtútù fáwọn àgbàlagbà. Òwú pupa nìyí. Mú wọn dúró sínú oòrùn, kí o wọn òjìji wọn láti orí dé ẹsẹ̀, kí o gé e, kí o ká a sínú àpò ìwé."

"Kí ló dé tí a ò lo téèpù, mà?"

"Téèpù máa ń dójú ti arúgbó. Òwú kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n ti sanra."

Yavor rẹ́rìn-ín, ó gba òwú. Mọ́kànlá ló wọ̀n nínú ilé alájà mẹ́jọ tiwọn gan-an. Wọ́n po kọfí fún un. Wọ́n fi ọwọ́ pa á lórí, wọ́n ní ọmọ Zlatka ti dàgbà, ó ti di ènìyàn gidi. Nígbà tí kóòtù dé, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo rẹ̀, ó ń wọ́lẹ̀ lára àwọn kan, kò bo ìdí àwọn mìíràn. Ẹni tó ní ọpọlọ á béèrè. Ohun tí Yavor béèrè ni ìgbà tí òun náà máa gba báàjì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìwé ìkéde òkú mẹ́rin ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé wọn. Dókítà ní òtútù ni. Ọjọ́ tí wọ́n lẹ ìkẹrin ni Evdokia fi kọ́kọ́rọ́ jíìpù lé Yavor lọ́wọ́, tó sì ní, "Wọn ò kú lásán. Àwọn ló ra èyí fún ọ." Yavor wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kò ṣe àwàdà. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò.

Ní Mọ́ńdè, ní ọ̀sán gangan tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun, Evdokia mú un lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì tuntun tó ń kọ́. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Òkùnkùn ibẹ̀ ki bí ẹ̀kọ. Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù àti ewé gbígbẹ gba imú. Ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là kan ni wọ́n fi rí Manol, bàbá elégbòogi tí gbogbo ìlú mọ̀, tó ń ta ewé tíì lọ́jà, tí kì í wo ojú oníbàárà.

Ihò kéékèèké mọ́kànlá wà lára ògiri. Òwú pupa kan wà ní kíká nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Yavor gbé ọwọ́ lé ògiri náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń mí. Láti inú lọ́hùn-ún, ó gbọ́ tí àgbàlagbà kan ń wúkọ́, ikọ́ tó ti gbọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn.

Manol bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀ lábẹ́ ohùn:

"Ilé kì í dúró lásán.
Ẹni tó fún ilẹ̀ ní òkúta, ilẹ̀ á béèrè ẹran.
Òjìji ló kọ́kọ́ ń wọlé,
Ara ló ń tẹ̀lé e."

Ó yíjú sí Yavor. "Mọ́kànlá yẹn, ará ìta ni wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tìrẹ ló kù. Ta lo ní?"

"Màmá mi nìkan ni."

"Ó tó. Ṣùgbọ́n kó má mọ̀. Bí ẹni tí a wọ̀n bá mọ̀, ẹni tó wọ̀n ọ́n ni ògiri máa jẹ."

"Kí ni màá gbà?" ni Yavor bi í.

Manol fi eyín dúdú rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ọmọlúwàbí. Kò tiẹ̀ bi wá bóyá ó máa dun ìyá rẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì kan lo máa gbà."

Mi ò ní parọ́ pé Yavor ò ronú. Ó ronú láti yàrá abẹ́ ilẹ̀ títí dé ìta, àtẹ̀gùn méjìdínlógún gbáko.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè nínú oòrùn, ó ń bó èèpo tàtàṣé sísun.

"Màmá, ẹ dìde kí n wọ̀n yín. Ẹgbẹ́ fẹ́ rán kóòtù fún yín."

Zlatka wo òwú náà, ó gbé tàtàṣé sílẹ̀. "Kóòtù ni?"

"Kóòtù ni."

"Yavor, wò mí lójú. Kóòtù ni?"

"Màmá, ṣé mo ti parọ́ fún yín rí ni? Kóòtù ni mo sọ."

Ìyá rẹ̀ nu ọwọ́, ó dìde. Yavor kúnlẹ̀, ó wọn òjìji ìyá tó bí i, ó fi eyín gé òwú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Evdokia fi báàjì wúrà sí i láyà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ náà. Manol pe ọfọ̀. Yavor ki ọwọ́ bọ ihò tuntun, ó gbé òwú síbẹ̀.

Ihò náà pa ẹnu dé.

Ó gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rọ̀, ó gbóná bí inú ẹnu. Ó fà. Èékánná kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà awọ. Egungun ń run wómúwómú, Yavor sì ń gbọ́ ọ ní etí ara rẹ̀. Ó ké títí ohùn fi há.

"Ìyá rẹ mọ̀," Manol wí, ojú rẹ̀ ti funfun. "Òmùgọ̀, ó mọ̀."

Evdokia súnmọ́ ọn. Yavor rò pé ó fẹ́ fa òun yọ. Báàjì ló tú kúrò láyà rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má ba wúrà jẹ́.

Ìgbà náà ni Zlatka sọ̀kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn. Ó ti tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ láti ilé.

"Bíríkìlà ni bàbá mi ní abúlé," ó wí. "Mo mọ ohun tí òwú pupa ń fi òjìji ènìyàn ṣe kí n tó mọ ìwé. Yavor, ẹni tí a bá fi orúkọ pè, ògiri gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá jáde, ìwọ náà á jáde. Pè wọ́n."

Yavor la ẹnu. "Ìyá… ìyá tó ní ológbò. Bàbá… tó máa ń wúkọ́…"

"Orúkọ ni mo ní kó o pè."

Kò mọ ẹyọ kan. Ó ti mu kọfí mọ́kànlá, kò mọ orúkọ ẹnìkan nínú àwọn tó gbé e jó nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ìyá rẹ̀ wò ó bí ẹni ń wo ohun tí ajá pọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ògiri.

"Gergina. Nayden. Bisera. Tsonko."

Òwú mẹ́rin já bọ́. Ilé náà kérora.

"Radka. Stanka. Kiril. Mitra. Velko. Dona. Parashkeva." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi, Zlatka."

Ògiri pọ Yavor jáde. Láti ìgúnpá rẹ̀ wá sílẹ̀, egungun funfun ló kù. Ìyá rẹ̀ fi ọrùn aṣọ wọ́ ọ gun àtẹ̀gùn. Evdokia àti Manol ò tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń ṣa òwú nílẹ̀, wọ́n ń já a gbà lọ́wọ́ ara wọn, títí hòtẹ́ẹ̀lì fi rì lé wọn lórí. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n rí wọn, lórí ìdúró nínú ògiri, ẹnu wọn kún fún sìmẹ́ǹtì tó ti gan. Òòlù ni wọ́n fi gbẹ́ wọn jáde.

Mẹ́rin tó kú ò jí. Méje tó kù, tí àìsàn kan náà ti dá dùbúlẹ̀, dìde lórí ibùsùn, wọ́n béèrè oúnjẹ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Ẹgbẹ́ Ọwọ́ Gbígbóná fi yan alága mìíràn, wọ́n sì ya fọ́tò.

Wọ́n gé apá Yavor. Ọjọ́ tó ti ọsíbítù dé, ìyá rẹ̀ gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì fún un ní ṣíbí.

"Ka orúkọ wọn fún mi."

Yavor ka mẹ́ta. Ó wo ọbẹ̀, ó wo òkè àjà, ó tún wo ọbẹ̀. "Màmá, ebi ń pa mí."

Zlatka gbé abọ́ náà. Ó gba ẹnu ọ̀nà kọjá sí ilẹ̀kùn tó kọjú sí tiwọn, ó kan án.

"Màmá Mitra," ó wí, "ṣé ẹ ti jẹun?"