Irun Tó Re Yí Orí Ìrètíolúwa Ká

Irun orí Ìrètíolúwa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, re yíká bí ẹni pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n. Ìbú ibi tó re kò ju ìka mẹ́rin lọ. Irun wà lókè, irun wà nísàlẹ̀, àárín wá ń dán.

"Yéjídé ló da kẹ́míkà ìnarun lé e lórí," ni Ìyá Agnes, ìyá bàbá ọmọ náà, ń tẹnu mọ́. "Ìyàwó tí ọmọ mi fẹ́ lẹ́yìn ikú ìyá ọmọ yìí. Ẹ má tú u sílẹ̀ o!"

Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí Yéjídé ti wà ní àtìmọ́lé ní Oǹdó. Ọdún tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń retí owó oṣù títí ojú fi ń pọ́n ni. Àánú kò pọ̀ nígboro.

Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá, Oríọlá, fọwọ́ kan orí ọmọ náà. Kò sí egbò, kò sí èépá. Kẹ́míkà ì bá ṣàn wá sí ọrùn. Ta ló da omi síbì kan rí tó ṣàn yípo? Ó lọ bá Yéjídé.

"Kí ló ṣe é kí irun tó bẹ̀rẹ̀ sí í re?"

"Ó já bọ́ lórí igi máńgòrò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mà. Ó dákú, kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ní ká gbé e lọ Àkúrẹ́, kí ẹ̀rọ síkáànù wo inú orí rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n pè é. Mo jókòó síta, mo gba róṣárì lẹ́ẹ̀mẹ́ta tán kí wọ́n tó gbé e jáde. Ọjọ́ kejì ló tó lajú."

Oríọlá náà ń gba róṣárì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tó wákàtí kan dáadáa.

Ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́, Olúrántí tó ń ya àwòrán sáré ṣàlàyé.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo yà á, mà. Mo mú àwòrán lọ bá dókítà lókè, ó dá mi dúró."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ?"

"Ẹnjiníà Dúrótoyè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ gílóòbù tó ń mú ìtànṣán jáde, ó sì ń dán an wò lọ́jọ́ náà."

Ara Dúrótoyè balẹ̀ ní tirẹ̀. Ó na ìwé àyẹ̀wò síta.

"Omi la fi ń dán ẹ̀rọ wò, mà. Ike yẹn la máa ń rọ omi kún. A ó gbé e síbi tí orí aláìsàn ń wà, a ó máa tan ìtànṣán sí i títí àwòrán yóò fi tọ́."

Oríọlá gbé ike róbótó náà, ó tóbi tó orí ènìyàn. Ìdí rẹ̀ ti là. Nínú rẹ̀, eèpo ẹyin ọmọnílé méjì lẹ̀ mọ́ ara ike, wọ́n ti pa, wọ́n ti gbẹ. Ibi tó là náà ni ọmọnílé gbà wọlé, ẹyin rẹ̀ a sì máa ju oṣù kan lọ kó tó pa.

Ó ní kí Olúrántí ṣí ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ náà wá, aláìsàn kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kà á pé ìgbà méjìlélógójì ni òun tan ìtànṣán.

"Ẹnjiníà, ike yìí ti là kí ọmọ náà tó gun igi. Omi kò lè dúró nínú rẹ̀. Orí ta lẹ fi dán ẹ̀rọ wò?"

Dúrótoyè ká ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ pọ̀.

"Òkè òkun ni irú ike bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Wọ́n ní yóò gba oṣù mẹ́ta kí òmíràn tó dé. Àwọn aláìsàn tí a kò lè yà níbí ń kú lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Dókítà ní bí ẹ̀rọ kò bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kí n máa lọ. Mo yọ àwọn àwòrán náà kúrò kí Olúrántí tó dé."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọdé yẹn?"

"Kò mira. Orí rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Mo rò pé kò ní í jí mọ́ ni."

Inú bí Oríọlá, ó so ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n tú Yéjídé sílẹ̀. Ìrètíolúwa sáré dì mọ́ ọn. Ìyá Agnes kò lè wojú rẹ̀.

"Ṣé irun yóò hù, mà?" Yéjídé bi Oríọlá.

"Yóò hù."

"Ó ti tán nìyẹn?"

Oríọlá ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀. Kò wù ú kó sọ ọ́. "Wọ́n ní ìtànṣán náà ló mú kí irun re, ohun tó bá sì fi sára lè dákẹ́ fún ọdún mẹ́wàá kó tó yọjú. Ó sì lè má yọjú rárá. Ẹ óò máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí ayé rẹ̀."

Yéjídé di ọwọ́ ọmọ náà mú. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ ti gbọ́. Ẹ dìde, ẹ bá mi mú un lọ́wọ́ kan."